Mo tú jẹnẹrétọ̀ mi fúnra mi, mo wá purọ́ fún ọ̀gá tó wá tún un ṣe

Àkànbí Mọ́níyà (Ọjọ́ Àìkú, aago 8:12 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i, pàápàá jù lọ ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ wà láàárín wa.

Jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA kan wà nílé wa. Ní bí oṣù kan sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ohùn rẹ̀ á lọ sókè, á wálẹ̀, á tún lọ sókè, gílóòbù á sì máa mọ́lẹ̀, á máa ṣú tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó epo nìkan ti di ẹrù lọ́rùn wa, nítorí náà mi ò fẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Mo wo fídíò mẹ́ta lórí YouTube. Lọ́sàn-án àná, mo gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, mo tú kábúrétọ̀ rẹ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ìyàwó mi ni mo fi gún ihò tín-ín-rín tó wà lára jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí tí mo fi ń rí ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Inú mi dùn. Mo dì í padà. Mo tún rí sípíríǹgì kékeré kan lókè ẹ́ńjìnnì. Ẹni inú fídíò ní tí eré rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, ká sún un sí ihò kejì. Mo sún un. Síkúrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà, mo yí i.

Mo fa okùn. Ó gbéra lẹ́ẹ̀kan, èéfín dúdú bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó kú. Kò tún dáhùn mọ́.

Mo pe ọ̀gá kan ládùúgbò wa. Kò tíì gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó fi bi mí pé, "Ṣé ẹnì kan ti tú u?" Mo ní, "Rárá o, ṣe ló kàn dákẹ́." Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbójú sókè wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá náà tú pọ́lọ́ọ̀gì, epo ti rin ín gbindin. Ó nù ún, ó wò ó bóyá iná ń ta lẹ́nu rẹ̀, ó yẹ kọ́ìlì wò, ó yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò, ó yẹ fáàfù wò. Wákàtí kan ààbọ̀ ló lò kó tó kan kábúrétọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ihò jẹ́ẹ̀tì ti fẹ̀. Ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ ra òmíràn, ó dì í, ó fa okùn. Ẹ́ńjìnnì náà gbéra, eré rẹ̀ sì lé débi tí ìyàwó mi fi dìde lórí àpótí. Gílóòbù tí ọ̀gá fi ń dán an wò bẹ́ lójú wa, òórùn jíjó jáde láti ìdí AVR, ohun tó ń mú kí iná rẹ̀ dúró sójú kan. Ó sáré pa á.

Ohun tó sọ lẹ́yìn náà ló ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló jó sí, èmi ni màá ra AVR tuntun. Ẹ kàn san owó jẹ́ẹ̀tì àti owó iṣẹ́." Mo dákẹ́. Mo mọ̀ dájú pé sípíríǹgì tí mo sún àti síkúrù tí mo yí ló fà á. Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n wá gbé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dán nǹkan wò fúnra yín tí kò bọ́ sí i, kí lẹ máa ń sọ fún ẹni tẹ́ ẹ bá pè lẹ́yìn rẹ̀? Kí ló dé tó fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀ láti sọ pé, "Èmi ni mo tú u"?

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó (Ọjọ́ Àìkú, aago 8:41 alẹ́)

Bọ̀dá Àkànbí, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀rù owó ló ń mú wa purọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹja dídì ni mò ń tà. Lọ́dún tó kọjá, yìnyín kún inú firísà mi, àwọn oníbàárà ti dúró, mi ò lè ní sùúrù kó yọ́. Mo mú ọ̀bẹ, mo ń ha á. Ohun tí mo gbọ́ ni "ṣùùù", bí ìgbà tí táyà ń jò. Mo ti lu ihò síbi tí gáàsì ń gbà kọjá. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè, òótọ́ ni mo sọ fún un. Ó wò mí títí, ó wá ní ọ̀bẹ tí mo fi gún un ti ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́, kí n lọ wá owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun. Mi ò lówó ẹ̀. Mo pe ẹlòmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní firísà náà kàn ṣíwọ́ ni. Ẹni kejì yìí ò rí nǹkan kan tó ṣe kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ó wá ihò náà rí, ó dí i, ó fi gáàsì sí i, firísà ń ṣiṣẹ́ di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Látìgbà náà ni mo ti sọ fún ara mi pé ẹni tó bá sọ gbogbo ẹnu rẹ̀ fún oníṣẹ́ ń ta ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín yìí, mo rántí ẹni kejì náà. Láti aago kan ọ̀sán títí tí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ló ń fi ìfófò ọṣẹ wá ihò tí mo mọ ibi tó wà. Mo jókòó tì í, mò ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Ọ̀gá Gẹ̀ǹ Òṣogbo (Ọjọ́ Àìkú, aago 9:30 alẹ́)

Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti gba fírídọ̀mù, nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ìbéèrè tí ọ̀gá yẹn bi Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, gbogbo wa là ń bi oníbàárà. A ò fi wá ẹ̀bi. Bí oníṣègùn ṣe ń béèrè pé àgbo wo lẹ ti mu kẹ́ ẹ tó wá, bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú fúnra rẹ̀, ọ̀nà kan wà tí mo máa gbé e gbà: pọ́lọ́ọ̀gì, iná, afẹ́fẹ́, epo. Bí ènìyàn bá ti tú u, ibi tó tú ni màá kọ́kọ́ lọ, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà wà, ní ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Wákàtí kan ààbọ̀ tí ọ̀gá yẹn fi wá nǹkan kiri, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ì bá jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ kó lè yé ẹni tó bá ń kà á. Jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀, idẹ ni wọ́n fi ṣe é, idẹ sì rọ̀. Ihò tó wà nínú rẹ̀ ló ń wọn epo tó ń wọlé, irin abẹ́rẹ́ sì le ju idẹ lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá ti bó o díẹ̀ báyìí, epo tó ń wọlé ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Ìdí tẹ́ ẹ fi rí èéfín dúdú nìyẹn, ìdí tí pọ́lọ́ọ̀gì fi rin nìyẹn. Oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ la fi ń ṣí i, kì í ṣe ohun líle.

Sípíríǹgì tẹ́ ẹ sún, òun ló ń bá gọ́fánọ̀ ṣiṣẹ́, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ eré ẹ́ńjìnnì. Irú jẹnẹrétọ̀ yín yẹn gbọ́dọ̀ yí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó lè jẹ́ 50Hz bíi tìjọba. Tí sípíríǹgì bá wà níhò tí kò yẹ, tí síkúrù tó ń dá eré dúró náà sì ti kúrò láyè rẹ̀, kò sí ohun tó máa sọ fún ẹ́ńjìnnì pé ó tó. Á máa sáré lọ ni. Iná á gòkè, AVR á máa tiraka láti fà á wálẹ̀, bí kò bá ká a mọ́, á jó. Ẹ dúpẹ́ pé gílóòbù ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá yẹn mọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, orí síkúrù ló máa kọ́kọ́ wò. Síkúrù tí sikudiráfà tí kò bá a mu ti bó lẹ́nu máa ń dán, ó máa ń tàn bí owó tuntun. Bó ṣe rí ojú abẹ́rẹ́ lára jẹ́ẹ̀tì ló ti mọ̀. Ìyàwó yín ló jókòó síbẹ̀ tí kò fi sọ ọ́. Ìdí tó fi ní òun á san owó AVR sì rèé, bí èmi náà ṣe máa rò ó: bí mo bá ti mọ̀ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó yẹ kí n yẹ gọ́fánọ̀ wò kí n tó fa okùn. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ka ìyẹn sí àṣìṣe tirẹ̀.

Adéṣínà Ẹ̀pẹ́ (Ọjọ́ Àìkú, aago 10:05 alẹ́)

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbà pé irọ́ ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni pé ẹni tó gbìyànjú láti tún nǹkan rẹ̀ ṣe ló ṣẹ̀.

Kí ló kọ́ mi láti máa pààrọ̀ ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ mi fúnra mi? Ọ̀gá kan gba owó ọ́ìlì lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti pààrọ̀ rẹ̀. Lálẹ́, mo fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì jáde, ó dúdú bí ọ̀dà, òórùn jíjó ń jáde lára rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ra sípánà tèmi. Àìfọkàntán ló ń sún ọ̀pọ̀ nínú wa dé ìdí YouTube. Owó nìkan kọ́.

Ohun kejì tí mi ò rí kẹ́nikẹ́ni sọ ni ìbúmọ́ni. Ẹ pe oníṣẹ́ kan, ẹ sọ òótọ́ fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo níwájú àwọn ọmọ yín: "Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án? Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe bà á jẹ́!" Púlọ́ńbà kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, lórí ẹ̀rọ omi tí bàbá fi téépù dì. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí sinkì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé garawa sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó délé. Wọn ò fẹ́ pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí wọ́n bá fi òótọ́ tó sọ bú, báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́ nígbà kejì?

Àdùkẹ́ Onídìrí, Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ajé, aago 7:15 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nídìí irun, irọ́ oníbàárà lè ṣe é léṣe, kì í ṣe owó nìkan ló máa bá a lọ.

Ọmọbìnrin kan wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìborùn lórí. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ku ọ̀la. Ó ní kí n bá òun fi rìlásà sí irun òun, kí n sì fẹ́ ẹ. Mo tú ìborùn. Irun náà gbẹ, ó ń dán lọ́nà kan tí kò yẹ kó dán. Mo bi í pé, "Àbúrò, kí lo ti fi sí i?" Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, Àǹtí, ọṣẹ lásán ni."

Mo mú fọ́nrán irun kan lẹ́yìn orí rẹ̀, mo fi omi rin ín, mo fi ìka méjèèjì fà á. Irun tó le, bẹ́ ẹ bá fà á, á nà díẹ̀, á padà. Èyí nà, ó ń nà bíi rọ́bà tó ti gbó, kò padà, ó já sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e síwájú rẹ̀ nínú dígí kó rí i. Ìgbà yẹn ló bú sẹ́kún. Ó ti lo oògùn tí wọ́n fi ń ká irun nílé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò wù ú, ó sì ti fi rìlásà inú ike lé e lórí lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Oògùn ìká-irun yẹn, thioglycolate ló wà nínú rẹ̀. Rìlásà tiwa, hydroxide ni. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í gbé orí irun kan náà. Ká ní mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, tí mo fi ẹ̀ẹ̀kejì lé e, ìdajì irun orí rẹ̀ ló máa bá omi lọ nínú sinkì, àwọ̀ orí rẹ̀ á sì bó.

Mi ò bú u. Mo pọn omi gbígbóná fún un kó mu, mo jẹ́ kó sunkún tán. A gé e kù bí ìka méjì, mo fi òróró pa á, mo wé gèlè fún un láàárọ̀ Sátidé láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ náà ò lọ ibòmíràn ṣe irun mọ́ látìgbà náà. Bó bá fẹ́ ra ohunkóhun láti fi sórí, á ya fọ́tò ẹ̀yìn ike rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp kó tó sanwó.

Bọ̀dá Adéṣínà, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ bàbá yín. Ó wọ̀ mí lára.

Ọlá Peckham (Ọjọ́ Ajé, aago 12:20 ọ̀sán)

Mo kí gbogbo yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Níbí, òfin ti bá wa dá apá kan ẹjọ́ náà. Ohunkóhun tó bá kan gáàsì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe Register nìkan ló lè fọwọ́ kàn án tó bá ń gbowó iṣẹ́. Ìwé yẹn ló rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ CORGI lọ́dún 2009. Apá ibi tí omi ń gbà kọjá, onílé lè fọwọ́ kan ìyẹn.

Ibẹ̀ ni èmi náà ti ṣe àṣìṣe tèmi. Omi bọ́ìlà wa, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi ilé gbóná, lọ sílẹ̀, mo ṣí ẹnu ibi tá a ti ń fi omi kún un. Fóònù dún láti ilé, ìyá mi ni. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀, mo gbàgbé. Ó yẹ kí ọwọ́ aago tó ń wọn agbára omi inú rẹ̀ dúró láàárín 1 sí 1.5 bar, ó ti kọjá 3. Fáàfù ààbò rẹ̀ ṣí, omi ń tú jáde lára ògiri ìta. Nígbà tí mo wá tì í, fáàfù náà ò padé mọ́, omi ń kán títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí ẹni tí mo pè dé, lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti sọ gbogbo ohun tí mo ṣe. Ẹ máà rò pé mo jẹ́ olóòótọ́ ju Ẹ̀gbọ́n Àkànbí lọ. Kò sí ohun tó máa mú mi purọ́ ni. Owó tó máa gbà fún wákàtí kan, ó ti sọ ọ́ lórí fóònù kó tó gbéra, owó fáàfù sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti wò. Òótọ́ tí mo sọ ò lè gbé owó náà sókè. Ṣe ló tiẹ̀ gé àkókò kúrú. Mo rò pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì wà. Níbi tí oníbàárà ò bá ti mọ iye tí iṣẹ́ jẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ ló máa dà bí ohun tí wọ́n máa fi díye lé e.

Ọ̀gá Gẹ̀ǹ Òṣogbo (Ọjọ́ Ajé, aago 1:02 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n Ọlá, ẹ sọ ọ́ síbi tó dùn mí jù. Òótọ́ ni. A wà láàárín wa tá a máa ń wo aṣọ oníbàárà ká tó pe iye. Mo ti ṣe é rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ohun tí mò ń ṣe nísinsìnyí ni pé owó ìwò dá wà, ₦3,000, mo kọ ọ́ sára pátákó níta. Bó o tú u, bó ò tú u, iye kan náà ni. Lẹ́yìn tí mo bá wò ó, màá wá sọ iye pátì àti iye owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Pátì tó bàjẹ́, mo máa ń dì í sínú ọ̀rá fún oníbàárà kó gbé e lọ. Ìyá Ìbejì, bí ẹni àkọ́kọ́ yẹn bá ti yọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yín lọ, ẹ ò bá má mọ̀ láéláé pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ máa gba pátì àtijọ́ yín lọ́wọ́ wọn.

Adéṣínà, mo tọrọ àforíjì lórúkọ púlọ́ńbà yẹn.

Títí Àkúrẹ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá. Èmi àti àwọn ọmọ nìkan la wà nílé, mi ò lè máa pe èèyàn fún gbogbo nǹkan. Kí ni mo lè fọwọ́ ara mi ṣe, kí ni kí n má fọwọ́ kàn?

Ọ̀gá Gẹ̀ǹ Òṣogbo (Ọjọ́ Ajé, aago 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Àbúrò mi, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe pọ̀. Ẹ máa yẹ ọ́ìlì wò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kẹ́ ẹ tó tan án. Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín, bí ẹ̀rọ náà bá sì jẹ́ tuntun, ẹ ṣe é lẹ́yìn nǹkan bí 20 wákàtí àkọ́kọ́, ìwé tó bá a wá á sọ ìyókù. Tìmùtìmù inú fílítà afẹ́fẹ́, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ lè tú pọ́lọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ nù ún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún oṣù kan, ẹ tú síkúrù ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí epo inú rẹ̀ kán tán. Epo tó bá jókòó pẹ́ síbẹ̀ ló máa ń dì bí oje igi, òun ló sì ń dí ihò jẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń ṣe èyí, ó ṣeé ṣe kó má rí wàhálà tó dé bá Ẹ̀gbọ́n Àkànbí rárá.

Ẹ má fọwọ́ kan gọ́fánọ̀, ẹ má fọwọ́ kan AVR. Ẹ má tú ibi okùn tá a fi ń fà á. Sípíríǹgì tó ká jọ síbẹ̀ lágbára, bó bá fò jáde, á ya èèyàn lójú. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní àpá rẹ̀ lágbọ̀n títí dòní.

Bó bá sì jẹ́ kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ lẹ ń lò, ẹ má tan án láé láìpò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, 20 mílílítà ọ́ìlì sí lítà epo kan ni. Epo nìkan á jẹ písítìnì rẹ̀ tán.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ gbé e síta, jìnnà sí fèrèsé. Kọ́rídọ̀ kì í ṣe ìta. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá ń sùn ò ní mọ̀ pé òun ń mí i sínú.

Àkànbí Mọ́níyà (Ọjọ́ Ajé, aago 9:10 alẹ́)

Mo ti lọ. Mi ò lè dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo bá ọ̀gá náà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi epo fọ ọ̀rá kúrò lọ́wọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rò ó pé kí n pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbé mi lọ síbẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, mo purọ́ fún yín lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo tú u." Ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo rí ojú abẹ́rẹ́ lára jẹ́ẹ̀tì." Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Òṣogbo ṣe sọ ọ́.

Mo wá ní, "Mo sún sípíríǹgì kan náà, mo sì yí síkúrù." Ìgbà yẹn ló dáwọ́ dúró. Kò mọ ìyẹn. Látàárọ̀ ló ti ń rò ó pé bóyá òun ló fa nǹkan kan kúrò láyè rẹ̀ nígbà tí òun ń di kábúrétọ̀. Ó mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ náà, ó ní kí n fi ìka han òun. Mo fi hàn án. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó wá pe àwọn ọmọ náà: "Ẹ wá wo ibí yìí. Nígbà tá a bá bá jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti gún, ibí ló kàn ká tó fa okùn." Ọ̀kan nínú wọn yọ fóònù, ó ya á ní fọ́tò.

Mo kó owó AVR jáde, ₦9,000. Ó gbà á. Mo fẹ́ fi owó gílóòbù lé e, kò gbà. Ó ní iṣẹ́ gílóòbù yẹn ni kó bẹ́ kí nǹkan oníbàárà má bàa bẹ́. Ó dá sípíríǹgì padà síhò rẹ̀, ó fi mítà wọn iná, ó wà ní 222V. Kí n tó gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí epo kán tán nísàlẹ̀ kábúrétọ̀, ó jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣe é lójú rẹ̀.

Mo ra abẹ́rẹ́ tuntun fún ìyàwó mi bí mo ṣe ń bọ̀. Èyí tí mo lò ti tẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó (Ọjọ́ Ajé, aago 9:34 alẹ́)

Bọ̀dá Àkànbí, omi bọ́ lójú mi. Mo ṣì ní nọ́ńbà ẹni kejì tó tún firísà mi ṣe. Màá pè é lọ́la.

Ọ̀gá Gẹ̀ǹ Òṣogbo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:50 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wá tú pọ́lọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ sọ àwọ̀ tẹ́ ẹ bá rí lẹ́nu rẹ̀ fún mi. Bó bá dúdú tó rin, epo ṣì ń pọ̀ jù. Bó bá funfun, epo ò tó.

Àkànbí Mọ́níyà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, aago 7:22 àárọ̀)

Ọ̀gá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni. Ó gbẹ, ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo ẹ̀pà sísun.

Ọ̀gá Gẹ̀ǹ Òṣogbo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:25 àárọ̀)

Ó ti dáa. Ẹ fi ọwọ́ yí i wọlé tán ná, kẹ́ ẹ tó fi sípánà kàn án.